Ṣé ewé yín yẹn lè lọ ata?

Ní Sátidé kan láìpẹ́ yìí, mo lọ kí màmá mi ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní ọjà Bódìjà. Ata ni wọ́n ń bá àwọn èèyàn lọ níbẹ̀, ó sì ti lé ní ọdún 20 tí wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ẹ̀rọ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi, àmọ́ ariwo rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ, bẹntiróòlù ló sì ń mu. Kẹ́ẹ̀gì epo ni mo kọ́kọ́ rí lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn bí mo ṣe wọlé.

"Lítà 4 lójúmọ́," ni wọ́n sọ kí n tiẹ̀ tó béèrè. "Ká yọ owó epo, ká yọ owó ṣọ́ọ̀bù, ká yọ owó ọmọ tó ń bá mi fọ ata, kí ló wá kù fún èmi gan-an?"

Ẹ̀yin náà mọ ìtàn ọ̀hún. Nígbà tí ìjọba kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, lítà kan tí kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀ kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti wọ ₦1,000. Iye tí àwọn oníbàárà ń san láti lọ ata kò lè sáré tó bẹ́ẹ̀, torí tí màmá bá fi owó lé e jù, ṣọ́ọ̀bù kejì ni wọ́n máa gbé ata wọn lọ.

Èmi ní tèmi, mò ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè kejì nínú ìmọ̀ kẹ́mísìrì. Ohun tó wù mí láti ṣe ìwádìí lé lórí ni bí èèyàn ṣe lè fi oòrùn, omi àti afẹ́fẹ́ ṣe epo, gẹ́gẹ́ bí ewé ṣe ń fi wọ́n ṣe oúnjẹ. Mo rò pé tí mo bá ṣàlàyé rẹ̀ fún màmá, inú wọn á dùn díẹ̀. Wọ́n gbọ́ mi dópin. Wọ́n pa ẹ̀rọ. Wọ́n wá ní:

"Ó dáa, Àjọkẹ́. Ṣé ewé yín yẹn lè lọ ata?"

Ẹnu mi wúwo. Mi ò fẹ́ purọ́ fún ìyá mi. Mi ò sì fẹ́ purọ́ fún ara mi, torí fọ́ọ̀mù tí mo máa kọ àkòrí ìwádìí mi sí wà nínú báàgì mi lọ́jọ́ náà, òfìfo ló ṣì wà. Ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí ni ìdáhùn tí mo padà sílé ní Àgbówó lọ wá.

Oòrùn àtijọ́ ló wà nínú kẹ́ẹ̀gì

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látinú kẹ́ẹ̀gì yẹn. Àìmọye mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíntín tó ń gbé inú òkun gba agbára oòrùn sára. Wọ́n kú, wọ́n rì sísàlẹ̀, ẹrẹ̀ bò wọ́n mọ́lẹ̀, ooru abẹ́ ilẹ̀ sì sè wọ́n di epo rọ̀bì. Ìdí nìyẹn tí mo fi lè sọ pé oòrùn ló ń lọ ata ní Bódìjà báyìí. Oòrùn àtijọ́ ni, a kì í tún un ṣe bí a ṣe ń jó o, èéfín rẹ̀ sì ń mú ayé gbóná sí i.

Ewé ò dúró de mílíọ̀nù ọdún. Ẹ wo ewé ẹ̀gẹ́ lásán. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe lójoojúmọ́. Èkíní, ó ń fi ìmọ́lẹ̀ fọ́ omi. Omi jẹ́ háídrójìn àti ọ́ksíjìn tó so mọ́ra wọn pinpin. Nígbà tí ewé bá fọ́ ọ, ọ́ksíjìn á jáde, òun là ń mí sínú. Èkejì, ewé á mú ohun tó rí gbà lára omi yẹn, á lò ó fún CO₂, ìyẹn afẹ́fẹ́ tí à ń mí síta, á sì sọ ọ́ di ṣúgà. Ṣúgà yẹn ló ń rìn lọ sí gbòǹgbò, tó ń di ẹ̀gẹ́ tí à ń sọ di gààrí. Iṣẹ́ méjèèjì pọ̀ là ń pè ní fotosíńtẹ́sísì.

Àmọ́ ìwọ̀nba ni ewé ń kó pa mọ́. Tí a bá pín oòrùn tó bọ́ sórí oko láàárín ọdún kan sí ọ̀nà 100, ọ̀pọ̀ ohun ọ̀gbìn kì í fi ju bí ìdá 1 lọ ṣara. Ewé ò ya ọ̀lẹ o. Kó wà láàyè, kó sì so èso ni iṣẹ́ tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá a ṣe àdéhùn pé kó máa gbé ẹ̀rọ ìlọta ṣiṣẹ́. Ìbéèrè tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wá ń bi ara wọn ni pé: ṣé a lè ṣe ewé tiwa, tó máa kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó sì máa fi epo rọ́pò ṣúgà? Fotosíńtẹ́sísì àtọwọ́dá nìyẹn.

Ife omi kan, pẹ́ńsùlù méjì

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo kó ẹrù kékeré kan lọ sí ṣọ́ọ̀bù màmá: ife tó mọ́ gaara, pẹ́ńsùlù 2 tí mo gbẹ́ lójú méjèèjì, wáyà 2, ṣíbí kékeré baking soda kan, àti pánẹ́ẹ̀lì sólà kékeré tí mo tú lára tọ́ọ̀ṣì tó ti bàjẹ́. Mo po soda mọ́ omi, mo ki ẹnu pẹ́ńsùlù méjèèjì bọ̀ ọ́ láìjẹ́ kí wọ́n kan ara wọn, mo sì fi wáyà so orí wọn mọ́ sólà. Mo wá gbé gbogbo rẹ̀ sójú oòrùn.

Kò pẹ́ tí ìfóòfó fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́nu pẹ́ńsùlù. Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó.

"Ó ti ń hó? Ṣé ó ti gbóná ni?"

"Rárá, mà. Ẹ fọwọ́ kan ife yẹn."

Ó tutù. Oòrùn ló ń fọ́ omi. Ìfóòfó ẹnu pẹ́ńsùlù kan pọ̀ ju ti èkejì lọ: háídrójìn ni èyí tó pọ̀, ọ́ksíjìn sì ni èkejì, torí nínú omi, háídrójìn 2 ló máa ń wà pẹ̀lú ọ́ksíjìn 1. Ẹ̀yin náà lè ṣe é nílé. Àmọ́ ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, kẹ́ ẹ má gbé iná sún mọ́ ọn, kẹ́ ẹ má sì fi iyọ̀ rọ́pò soda, torí iyọ̀ lè tú afẹ́fẹ́ olóró chlorine sílẹ̀.

Ohun tí ife yẹn ṣe ni ìdajì iṣẹ́ ewé. Kì í sì í ṣe òní ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n ṣe. Ní ọdún 1972, àwọn ará Jàpáánì méjì, Akira Fujishima àti Kenichi Honda, gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature. Wọ́n tan ìmọ́lẹ̀ sí titanium dioxide, ìyẹn èròjà tó ń mú kí ọ̀dà ilé funfun, omi tó yí i ká sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ sí háídrójìn àti ọ́ksíjìn. Ibi tí ìṣòro wà ni pé ìtànṣán ultraviolet nìkan ni èròjà yìí ń lò, èyí sì kéré gan-an nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn.

Ní ọdún 2011, Daniel Nocera àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní MIT ní Amẹ́ríkà fi sílíkọ́nì, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe sólà, ṣe nǹkan pẹlẹbẹ kan. Wọ́n fi cobalt sí ojú rẹ̀ kan, wọ́n fi àdàlù nickel, molybdenum àti zinc sí ojú kejì. Kò sí wáyà lára rẹ̀. Tí wọ́n bá ti jù ú sínú omi tí oòrùn sì ràn sí i, ìfóòfó á máa jáde lójú méjèèjì. Gbogbo ayé gbé ìròyìn rẹ̀, wọ́n ní ewé àtọwọ́dá ti dé.

Kí ló dé tí kò tíì dé Bódìjà? Àkọ́kọ́, gáàsì ni háídrójìn, ó fúyẹ́, ó nira láti tọ́jú, ẹ̀rọ màmá mi ò sì lè mu ún. Èkejì, owó. Ilé iṣẹ́ tí Nocera dá sílẹ̀, Sun Catalytix, rí i pé háídrójìn tí wọ́n bá fi ewé náà ṣe máa wọ́n ju èyí tó ti wà lọ́jà tẹ́lẹ̀. Wọ́n pa á tì, wọ́n yí sí iṣẹ́ bátìrì, Lockheed Martin sì ra ilé iṣẹ́ náà ní ọdún 2014. Ewé yẹn ṣiṣẹ́ o. Ìṣirò owó ni kò jọ.

Wọ́n ránṣẹ́ pe kòkòrò

Ìdajì iṣẹ́ tó kù, ìyẹn kí á sọ CO₂ di epo olómi, ló le jù. Àwa onímọ̀ kẹ́mísìrì lè fi irin ṣe é, àmọ́ irin kì í fara balẹ̀ yan nǹkan kan ṣoṣo. Ẹ lè fẹ́ ọtí kan kẹ́ ẹ bá nǹkan márùn-ún pàdé nínú ìgò. Kòkòrò àìfojúrí ní tiwọn mọ iṣẹ́ náà dunjú. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é.

Èrò yìí ló bí ohun tí à ń pè ní biohybrid: ẹ̀rọ ń gba oòrùn, ohun ẹlẹ́mìí ń se oúnjẹ. Ẹ rò ó bí ilé ìdáná tí ẹnì kan ń dáná níbẹ̀, tí ẹlòmíì sì ń ro ọkà.

Nocera kó lọ sí Harvard, òun àti Pamela Silver, tó jẹ́ onímọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí, sì pawọ́ pọ̀. Bakitéríà kan wà tó ń jẹ́ Ralstonia eutropha. Háídrójìn ló ń jẹ, ó sì ń fi CO₂ kọ́ ara rẹ̀. Wọ́n kó o sínú ìgò kan náà tí wọ́n ti ń fi iná mànàmáná fọ́ omi. Ìṣòro kan yọjú: irin tó ń mú háídrójìn jáde tún ń pèsè oró tó ń ba DNA bakitéríà jẹ́. Alásè ń pa ẹni tó ń se oúnjẹ fún. Ní ọdún 2016, wọ́n gbé ọ̀nà tuntun jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Wọ́n fi àdàlù cobalt àti phosphorus rọ́pò irin yẹn, oró náà sì rọlẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá gba iná látọ̀dọ̀ sólà tó dáa, ètò náà lè kó bí ìdá 10 nínú 100 agbára oòrùn sínú ara bakitéríà, tí wọ́n bá fún un ní CO₂ tí kò lábùlà. Wọ́n sì tún ti yí àbùdá àwọn bakitéríà kan padà kí wọ́n lè máa pọn oríṣi ọtí tó lè jó bí epo.

Ní Berkeley, ní California, Peidong Yang àtàwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ gba ọ̀nà mìíì. Lọ́dún 2016 kan náà, wọ́n mú bakitéríà Moorella thermoacetica, tí kò mọ ìmọ́lẹ̀ lò rárá, wọ́n fún un ní cadmium àti èròjà kan tó ní súfúrù nínú. Bakitéríà náà fúnra rẹ̀ fi méjèèjì ṣe ẹyọ tíntín-tíntín, ó fi bo ara rẹ̀ bí aṣọ. Aṣọ yẹn ló ń gba ìmọ́lẹ̀ fún un, tó fi ń sọ CO₂ di acetic acid, ìyẹn ohun tó mú kí fínígà kan. Àmọ́ cadmium burú fún ara èèyàn, torí náà ẹnikẹ́ni ò ní fẹ́ kó wà lẹ́bàá ata.

Látinú ṣàkì dé inú yàrá ìwádìí

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá kan Ìbàdàn gan-an rèé. Ọ̀dọ̀ àwọn alápatà kò jìnnà sí ọjà Bódìjà. Tí màlúù bá jẹ koríko, kì í ṣe màlúù ló ń dá a dà. Inú ṣàkì rẹ̀ kún fún kòkòrò tíntín, lára wọn sì ni àwọn tó ń so háídrójìn pọ̀ mọ́ CO₂ kó lè di methane. Methane yìí náà ló pọ̀ jù nínú gáàsì tó ń jáde lára ìgbẹ́ àti ìdọ̀tí ibi ìpẹran. Tí a bá jẹ́ kó lọ sójú òfúrufú, agbára tó fi ń mú ayé gbóná láàárín 100 ọdún ju ti CO₂ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 28. Tí a bá gbá a mú, gáàsì ìdáná ni.

Ẹnì kan ti ro èyí rí níbí. Ọ̀mọ̀wé Joseph Adelegan wo ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ tó ń ṣàn láti ibi ìpẹran Bódìjà lọ sínú omi tí àwọn èèyàn ń lò, òun àtàwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ sì gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní Cows to Kilowatts: kí wọ́n kó ìdọ̀tí yẹn sínú ìkòkò ńlá tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, kí kòkòrò jẹ ẹ́, kí gáàsì ibẹ̀ di ti ìdáná àti ti iná mànàmáná, kí èyí tó ṣẹ́kù sì di ajílẹ̀. Ilẹ̀ Thailand ni wọ́n ti mú ìmọ̀ ìkòkò náà. Ètò yìí gba ẹ̀bùn SEED lágbàáyé ní ọdún 2005. Ọmọdé ni mo wà nígbà yẹn, tí mò ń fi imú mi sínú aṣọ tí a bá ń kọjá níwájú àwọn alápatà. Mi ò mọ̀ pé epo ló ń rùn.

Gáàsì inú ìkòkò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe methane nìkan. Tí a bá pín in sí 100, bí ìdá 60 sábà máa ń jẹ́ methane, CO₂ ló sì pọ̀ jù nínú ìyókù. CO₂ yẹn ò jó, ó kàn ń gbàyè lásán ni.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sí Berkeley. Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ ibẹ̀ kan náà mú kòkòrò tó ń jẹ́ Methanosarcina barkeri, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣe methane. Wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ fọ́ omi, wọ́n fi háídrójìn ibẹ̀ bọ́ kòkòrò yìí, ó sì sọ CO₂ di methane. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ti fẹ́ pàdé. Kòkòrò ti wà ní Bódìjà. CO₂ ti wà nínú gáàsì ìgbẹ́. Oòrùn ò tíì kọ̀ wá sílẹ̀ rí. Ohun tó kù ni háídrójìn, irú èyí tó ń yọ bí ìfóòfó lẹ́nu pẹ́ńsùlù mi.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹní kà á

Àmọ́ ata ni màmá béèrè. Torí náà, mo mú bírò.

Ẹ rò ó pé a tẹ́ ẹní kan síta, tó gùn ní mítà 1, tó sì fẹ̀ ní mítà 1. Tí a bá pín oòrùn ọdún kan dọ́gba, èyí tó ń bọ́ sórí ẹní yìí n'Ìbàdàn lójúmọ́ tó nǹkan bíi kílówáàtì-wákàtì 4.5. Lítà bẹntiróòlù 1 ní bíi 9 nínú. Ìyẹn ni pé oòrùn ọjọ́ 2 lórí ẹní 1 tó agbára lítà epo 1. Ẹ wo ọrọ̀ tó ń bọ́ sórí páànù wa láti àárọ̀ dalẹ́!

Tó bá jẹ́ ewé oko ló máa kó o, tó ń mú ìdá 1 nínú 100, ẹní 200 la nílò ká tó rí agbára lítà 1 lójúmọ́. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì púlọ́ọ̀tì ilẹ̀ tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100. Tó bá jẹ́ ewé àtọwọ́dá tó ń mú ìdá 10, ẹní 20 ti tó. Màmá mi ń lo lítà 4, torí náà ẹní 80 ni. Mo wọn òrùlé ṣọ́ọ̀bù wọn: ẹní 9 péré ni.

Ẹ dúró ná. Nínú epo lítà 4 yẹn, ẹ́ńjìnnì kékeré bẹ́ẹ̀ kì í lò ju bí ìdá kan nínú márùn-ún lọ láti fi yí ọlọ. Ooru àti ariwo ni ìyókù. Tí a bá wá yọ epo kúrò níbẹ̀ pátápátá ńkọ́? Sólà ìsinsìnyí ń sọ bí ìdá 20 nínú 100 oòrùn di iná, mọ́tò oníná ò sì fi nǹkan ṣòfò bí ẹ́ńjìnnì. Kódà tí mo bá yọ èyí tó máa ṣègbé sínú bátìrì àti wáyà, nǹkan bí ẹní 12 ló máa lọ ata yẹn, ìyẹn bíi pánẹ́ẹ̀lì ńlá 6.

Ẹní 12 àti ẹní 80, èwo lẹ máa mú?

Ìdáhùn mi sí màmá nìyẹn, ó sì dun èmi tí mo fẹ́ràn ewé yìí: rárá, kò yẹ kó lọ ata. Kì í ṣe torí pé kò lè lọ ọ́. Tí a bá ti gba oòrùn tán, tí a wá sọ ọ́ di epo, ká tó tún jó epo yẹn nínú ẹ́ńjìnnì, ibi ìdúró kọ̀ọ̀kan ló ń gba owó ibodè. Níbi tí wáyà bá lè dé, ẹ jẹ́ kí wáyà débẹ̀.

Ta ló wá nílò ewé náà?

Ẹ bi ata fúnra rẹ̀. Báwo ló ṣe dé Bódìjà? Tírélà ló gbé púpọ̀ nínú tàtàṣé àti tòmátì wa wá láti òkè Ọya. Kílò epo dísù 1 ní bíi kílówáàtì-wákàtì 12 nínú; kílò bátìrì 1 tí wọ́n ń lò nínú ọkọ̀ kì í sábà ju 0.25 lọ. Kódà tí a bá yọ èyí tí ẹ́ńjìnnì fi ṣòfò, ìyàtọ̀ yẹn ṣì wúwo fún ọkọ̀ tó ń rìn jìnnà. Fún bàálù, ó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ bi àgbẹ̀ tó gbin ata náà. Háídrójìn ni wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀ yúríà, gáàsì abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n sì ti ń yọ ọ́. Ní ọdún 2017, àwọn ará Harvard yẹn kan náà fi háídrójìn bọ́ bakitéríà Xanthobacter autotrophicus, tó ń fa nitrogen látinú afẹ́fẹ́. Wọ́n da bakitéríà náà sí ìdí ewébẹ̀ radish, ó sì ta gan-an. Mọ́tò oníná ò lè ṣe ìyẹn.

Torí náà, ohun tí wáyà àti bátìrì ò lè ṣe ni iṣẹ́ ewé àtọwọ́dá. Ohun mẹ́ta ló sì ń dí i lọ́wọ́. Àkọ́kọ́ ni ọjọ́ orí: ewé ẹ̀gẹ́ ń tún ara rẹ̀ ṣe, èyí tó bá gbó á já, òmíì á hù. Tiwa máa ń dẹ́kun iṣẹ́ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Èkejì ni oúnjẹ rẹ̀: nínú ọ̀nà 10,000 afẹ́fẹ́ ìta, CO₂ ò ju bíi 4 lọ, omi tó mọ́ sì ṣọ̀wọ́n. Lórí omi yìí, ìròyìn ayọ̀ kan wà. Erwin Reisner àtàwọn èèyàn rẹ̀ ní Cambridge, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ewé tẹ́ẹ́rẹ́ kan sórí odò Cam ní ọdún 2022, ó léfòó, ó sì ṣiṣẹ́. Ní ọdún 2023, wọ́n tún gbé òmíì jáde tó ń lo omi odò tí kò mọ́ àti omi òkun. Bí mo ṣe ń kà á, odò Ògùnpa tó ń gba ìtòsí Dùgbẹ̀ kọjá ló wá sí mi lọ́kàn. Ẹ̀kẹta ni owó, èyí tó mú Sun Catalytix.

Àkòrí ìwádìí

Ní alẹ́ ọjọ́ tí mo parí ìṣirò yẹn, iná lọ ní Àgbówó bó ṣe máa ń lọ. Jẹnẹrétọ̀ mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nínú ọgbà wa. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi, mo mú fọ́ọ̀mù jáde.

Mi ò kọ "ewé tó máa gba ayé là" síbẹ̀. Ohun tí mo kọ ni pé mo fẹ́ mú gáàsì ìgbẹ́ màlúù, kí n fi háídrójìn tí sólà ṣe bọ́ àwọn kòkòrò inú rẹ̀, kí n wo iye CO₂ ibẹ̀ tó máa di methane, àti ọjọ́ tí wọ́n á lò kí àárẹ̀ tó mú wọn. Iṣẹ́ kékeré ni. Kò ní dé orí ìwé ìròyìn. Àmọ́ gbogbo ohun tó nílò ló wà láàárín Àgbówó sí Bódìjà, kò sí èyí tí mo gbọ́dọ̀ dúró kí wọ́n gbé wá láti ẹ̀yìn odi. Tó bá sì bọ́ sí i, ìkòkò gáàsì kan náà á máa mú gáàsì tó pọ̀ sí i jáde látinú ìgbẹ́ kan náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ girama tàbí ní ọdún kìíní, tí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n ti rí epo tuntun níbì kan, ohun mẹ́ta ni kẹ́ ẹ máa béèrè: ẹní mélòó ló gbà? Ọjọ́ mélòó ló lò? Ta ló nílò rẹ̀ tí wáyà ò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Màmá mi ò ka kẹ́mísìrì, ìbéèrè kan ṣoṣo tí wọ́n bi mí ló sì kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta já.

Mo padà sí Bódìjà lọ́jọ́ Sátidé. Mo ṣàlàyé ẹní 12 àti ẹní 80. Màmá wo òkè, wọ́n wo òrùlé tiwọn àti ti Ìyá Elélùbọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n ń fi ojú wọ̀n ọ́n.

"Pánẹ́ẹ̀lì 6. Tí èmi àti ẹ̀ bá dá àjọ, tí a jọ lò ó?"

"Ó ṣeé ṣe, mà. A máa kọ́kọ́ bi oníná léèrè iye tí mọ́tò máa jẹ́."

"Ìwọ ńkọ́? Ewé tìẹ ńkọ́?"

Mo ní ó máa pẹ́ díẹ̀. Mo ní ọ̀dọ̀ àwọn alápatà ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀, mo sì nílò ẹni tó máa mú mi mọ ọ̀kan nínú wọn tó máa jẹ́ kí n máa wá bu ìgbẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní àwọn rán mi lọ sí yunifásítì kí n má bàa fọwọ́ kan ìgbẹ́.

Wọ́n wá nu ọwọ́, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù fún ọmọ tó ń bá wọn fọ ata, wọ́n sì mú mi lọ.